Ẹ̀mí kọ́ ló ń ké ní Sátọ́ọ̀nù, rédíò ni

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, ìwé ìròyìn Yorùbá ò rọrùn láti tẹ̀ láyé tí gbogbo èèyàn ti gba orí fóònù lọ yìí.

Mo ka nǹkan kan lójú ewé ẹ̀sìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì bá mi lára mu rárá. Ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn òyìnbó ti fi ẹ̀rọ gbọ́ igbe àwọn ẹ̀mí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ́ọ̀nù, ó ní ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó wá ohùn náà lórí wátsáàpù kó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn yẹn kúkú wà lóòótọ́, mi ò lè ní kò sí, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi, á fà hùúùù, á gòkè, á já wálẹ̀, á tún gbéra, àwọn kan tiẹ̀ ti fi orin ìsìnkú sí i lábẹ́ kó lè bani lẹ́rù dáadáa. Ládùúgbò wa níbí, wọ́n gbé e sí spíkà níbi ìsọjí òru kan, àwọn ọmọ kéékèèké ń sunkún. Mo ní kí n má sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n tí ìwé ìròyìn bá wá tẹ̀ ẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré nìyẹn.

Iṣẹ́ títún rédíò ṣe ni mo ń jẹ, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn mí ju ti ẹlòmíì lọ. Ohun tó wà nínú fáìlì yẹn, rédíò ni. Òkú kọ́, ẹ̀mí kọ́, kì í tiẹ̀ ṣe ohun tí etí èèyàn ì bá gbọ́ ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀. Ìgbì rédíò ni, irú èyí tó ń gbé ìròyìn àárọ̀ wá sínú yàrá yín gan-an, àfi pé kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nínú tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni Amẹ́ríkà àtàwọn ará Yúróòpù fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Cassini lọ sójú òfuurufú, kò séèyàn nínú ẹ̀, ẹ̀rọ ló kún inú ẹ̀, ó rìn títí di ọdún 2004 kó tó dé Sátọ́ọ̀nù. Lára ohun tó gbé dání ni rédíò kan tí ọ̀gbẹ́ni Donald Gurnett ti yunifásítì Iowa ṣe olórí iṣẹ́ ẹ̀, áńtẹ́nà mẹ́ta ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 10, ẹni tó bá ti gun òrùlé ta wáyà rédíò rí á mọ̀ pé mítà 10 kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré. Ọkọ̀ náà ò tíì débẹ̀ tó ti ń gbọ́ o. Lóṣù kẹrin ọdún 2002, tó ṣì ku mílíọ̀nù 374 kìlómítà, ariwo Sátọ́ọ̀nù ti ń wọlé.

Ibi tí ariwo yẹn ti ń le jù ni láàárín kílóháàtì 100 sí 400 (kílóháàtì la fi ń ka bí ìgbì ṣe ń yára gbọ̀n sí, ohun tí wọ́n ń pè ní fíríkúẹ́nsì). Ẹ wo ojú rédíò yín níbi tí wọ́n kọ MW sí, apá òsì pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀ láti bíi 530, ti Sátọ́ọ̀nù wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ rédíò tí à ń rà lọ́jà kì í débẹ̀. Etí ńkọ́? Etí ọmọdé tó mọ́ kedere gan-an ò ju nǹkan bíi kílóháàtì 20 lọ. Ohun tí Gurnett àtàwọn èèyàn ẹ̀ wá ṣe ni pé wọ́n fa fíríkúẹ́nsì ẹ̀ wálẹ̀ ní ìlọ́po 44, wọ́n sì ká ìṣẹ́jú 27 mọ́ inú ìṣẹ́jú àáyá 73, ká lè ráyè gbọ́ ọ. Wọn ò fi ṣe àṣírí, wọ́n kọ ọ́ síbi tí wọ́n gbé ohùn náà sí fún gbogbo ayé. Àwọn tó gbé e wá sórí wátsáàpù ló gé àlàyé ibẹ̀ kúrò.

Báwo ló ṣe wá ń jáde? Sátọ́ọ̀nù ní agbára òòfà bí ayé wa náà ṣe ní in. Àwọn electron, ìyẹn àwọn èérún oníná tín-ín-tìn-ìn-tín, máa ń já bọ́ lójú ìlà agbára òòfà yẹn, wọ́n á máa lọ́ yíyí bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù, bí wọ́n ṣe ń lọ́ yẹn ni wọ́n ń tú ìgbì rédíò jáde, ibẹ̀ náà ni iná aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní aurora ti ń tàn. Ayé tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ayé tí a wà lórí ẹ̀ yìí náà ń pariwo rédíò láti ìpẹ̀kun ẹ̀ méjèèjì, nǹkan bíi kílóháàtì 50 títí dé 700, ìgbà tí wọ́n fi sátẹ́láìtì sókè ni wọ́n tó mọ̀. Ṣé àwa náà la wà nígbèkùn ni?

Ohun tí kò jẹ́ ká máa gbọ́ ọ látilẹ̀ níbí ni afẹ́fẹ́ òkè pátápátá tí oòrùn ti sọ di oníná, ionosphere lorúkọ ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò MW mọ iṣẹ́ ẹ̀ láìmọ orúkọ ẹ̀: tó bá ti di alẹ́, àwọn ibùdó ọ̀nà jíjìn tí kì í wọlé lọ́sàn-án á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹ̀ẹ́ máa gbọ́ Faransé láti ìlú àwọn aládùúgbò wa, ionosphere ló ń dá a padà wálẹ̀ fún yín. Bó ṣe ń dá tinú ayé padà sílẹ̀ náà ló ń dá irú ìgbì tó ń tòkè bọ̀ yẹn padà sókè. Ìbàdàn wa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ń yẹ ionosphere yẹn wò láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí yunifásítì ibẹ̀ ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí pé tiwa tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé ní ìwà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ò níláti lọ sí Amẹ́ríkà láti bi ẹni tó mọ̀.

Nítorí náà, ibi tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn ti ní wòlíì kan gbọ́ Sátọ́ọ̀nù lórí rédíò alágbèéká ẹ̀ lórí òkè àdúrà, irọ́ ni, ẹ dákun ẹ máà bínú. Rédíò ẹ̀ ò débẹ̀, ká tiẹ̀ ní ó débẹ̀, ìgbì yẹn ò lè wọlé. Ohun tí bàbá yẹn gbọ́ lè jẹ́ bátìrì tó ti rẹ̀ tàbí wáyà NEPA tó gba orí òkè kọjá.

Èyí tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ Sátọ́ọ̀nù, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà tó gùn báyìí. Ariwo rédíò yẹn ni wọ́n fi ka wákàtí ọjọ́ kan ní Sátọ́ọ̀nù, ariwo yẹn náà ló sì tàn wọ́n jẹ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Ẹ ṣé ẹ rí i, Sátọ́ọ̀nù ò nílẹ̀ téèyàn lè tẹ̀, kò sí òkè kan níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa tẹjú mọ́ pé nígbà tó bá padà yọ, ọjọ́ kan ti pé. Ìkùukùu ni gbogbo òkè ẹ̀, ìkùukùu yẹn ò sì jọ ń yí pọ̀, èyí tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ẹ̀ ń sáré gan-an, á yí po ní bíi wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 14, èyí tó wà lọ́nà ìpẹ̀kun á lò tó wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 38. Èwo lẹ máa wá pè lọ́jọ́ níbẹ̀? Àwọn onísáyẹ́ǹsì ní inú lọ́hùn-ún ni kí á wọ̀n, níbi tí agbára òòfà ti ń jáde, àmọ́ a ò rí inú, rédíò tó ń ti ara agbára òòfà yẹn jáde ló máa bá wa sọ ọ́. Àbá tó dáa ni. Bí wọ́n ṣe ṣe ti Júpítà nìyẹn, ó sì bọ́ sí i, wákàtí 9, ìṣẹ́jú 55 àti ìṣẹ́jú àáyá 30 tàbí bẹ́ẹ̀, kò tíì yẹ̀ dòní.

Ni ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Voyager 1 bá kọjá lẹ́bàá Sátọ́ọ̀nù lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1980, Voyager 2 tẹ̀ lé e lóṣù kẹjọ ọdún 1981, wọ́n rí i pé rédíò yẹn ń le ó ń rọ̀, ó ń le ó ń rọ̀, lásìkò lásìkò. Àwọn onísáyẹ́ǹsì méjì, Michael Desch àti Michael Kaiser, jókòó tì í, wọ́n kà á, wọ́n ní ọjọ́ kan níbẹ̀ jẹ́ wákàtí 10, ìṣẹ́jú 39 àti ìṣẹ́jú àáyá 24, wọ́n ní tí àṣìṣe bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ kò lè ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ. Gbogbo ayé gbà á, ó wọ inú ìwé táwọn ọmọ ń kà níléèwé.

Láàárín àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ mìíì tó ń jẹ́ Ulysses fetí sí i láti ọ̀nà jíjìn, iye tó rí ò bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Àwọn kan ní bóyá ó jìnnà jù ni. Cassini wá débẹ̀ ní 2004, òun tó wà lẹ́nu ilé, ó ní wákàtí 10, ìṣẹ́jú 45 àti ìṣẹ́jú àáyá 45. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko ti wọ inú ẹ̀! Pílánẹ́ẹ̀tì tó wúwo tó ayé wa lọ́nà 95, kí ló lè fún un ní bíréèkì débi táá fi fi ìṣẹ́jú mẹ́fà falẹ̀ láàárín ọdún mẹ́tàlélógún péré? Kò ṣeé ṣe. Kò sẹ́ni tó gbà á nínú wọn. Nígbà tó sì di 2009 ni wọ́n tún kéde pé ìpẹ̀kun àríwá ní iye tiẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 10.6, ti gúúsù náà ní tiẹ̀, nǹkan bíi 10.8, bí ìgbà ṣe ń yí padà níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì náà ń yí. Ọjọ́ méjì lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo!

Eégún tó ń pòyì lójú agbo, ṣé ẹ ti wò ó dáadáa rí? Ara eégún ti yí dé ibì kan, ẹ̀kú ẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó bá ń fi ṣẹ́tí ẹ̀kú ka iye ìgbà tí eégún yí, á ṣì í kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kú Sátọ́ọ̀nù ni rédíò yẹn ń bá wọn wọ̀n, kì í ṣe ara ẹ̀.

Kí ló wá ń fa ẹ̀kú sẹ́yìn? Òṣùpá kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Enceladus, ìbú ẹ̀ ò ju bíi 500 kìlómítà lọ, kò tó Èkó sí Màídúgúrì rárá, ní 2005 ni Cassini rí i pé ó ń tu omi jáde fííì láti ìpẹ̀kun gúúsù ẹ̀ lọ sójú òfuurufú. Omi yẹn á di oníná, agbára òòfà Sátọ́ọ̀nù á wá máa wọ́ ọ kiri, ẹrù ni, ó sì wúwo, kì í lè bá a sáré dọ́gba. Gurnett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2007. Àwọn mìíì láti yunifásítì Leicester ní ìlú Ọba, tí wọ́n fi awò ńlá Keck tó wà ní Hawaii wo ìpẹ̀kun àríwá Sátọ́ọ̀nù, wọ́n jáde ní 2021 pé ìjì tó ń fẹ́ yípo lókè ibẹ̀ pàápàá ń dá sí i. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń tú ni.

Júpítà ò ní wàhálà yìí torí pé agbára òòfà ẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi dìgírì 10, bó ṣe ń yí lẹ máa rí i tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ lè kà á. Ti Sátọ́ọ̀nù gún régé ni, àwọn Michele Dougherty ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ní 2018 pé fífì ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dìgírì kan. Kò mì, kò sóhun tẹ́ ẹ máa kà.

Ibi tí wọ́n ti wá rí iye wákàtí ọjọ́ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lálàá ẹ̀, inú àwọn òrùka Sátọ́ọ̀nù ni. Inú pílánẹ́ẹ̀tì yẹn ń gbọ̀n rìrì, gbígbọ̀n yẹn ń fa àwọn yìnyín inú òrùka, ó ń ya ìlà kéékèèké sára wọn, Cassini rí àwọn ìlà náà kó tó kú ní September 15, 2017, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ darí ẹ̀ wọ inú Sátọ́ọ̀nù kó lè jóná torí epo ẹ̀ ti ń tán. Christopher Mankovich ti yunifásítì California ní Santa Cruz àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló ṣírò ẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní January 2019: wákàtí 10, ìṣẹ́jú 33, ìṣẹ́jú àáyá 38. Ẹ wò ó, ó tiẹ̀ kéré sí ti Voyager, kì í ṣe pé ó pọ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka ibí yìí, wọ́n á ní ṣebí ẹ rí i, àwọn onísáyẹ́ǹsì fúnra wọn ò mọ nǹkan kan, òní ni tibí ọ̀la ni tọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń gbọ́ rédíò yẹn náà ló kọ́kọ́ pariwo pé iye tiwọn ò dúró sójú kan, kò sẹ́ni tó mú wọn. Ṣé ẹni tó kọ ti ẹ̀mí ìgbèkùn yìí lè sọ fún yín ohun táá mú kóun gbà pé òun ò tọ̀nà?

Kó tó di pé mo kúrò lórí Sátọ́ọ̀nù, nǹkan kan tún wà tí gbogbo ilé tó ní rédíò mọ̀. Tí òjò bá ń ṣú bọ̀, ẹ gbé rédíò MW sílẹ̀, bí mànàmáná bá ṣe ń kọ ni rédíò á máa ha kràà, kràà. Mànàmáná Sátọ́ọ̀nù ń ṣe bẹ́ẹ̀, Voyager 1 ti gbọ́ ọ ní 1980. Ní December 2010 ìjì kan ṣú níbẹ̀ tó fi gùn yí gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì náà po, ó jà fún bí oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tó le jù, mànàmáná tí Cassini ń gbọ́ ju mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Òjò oṣù mẹ́sàn-án! Ojú ewé ìròyìn ló yẹ kí irú èyí wà, pẹ̀lú fọ́tò, ìjì yẹn hàn nínú fọ́tò funfun báláú.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ bá wa tẹ àtúnṣe síbi tẹ́ ẹ tẹ ti àkọ́kọ́ sí, ojú ewé ẹ̀sìn náà, kó má bọ́ sí igun kan níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó pàdánù ìwé ẹ̀rí sí. Tí irú ẹ̀ bá tún dé tábìlì yín, ẹ fi fóònù pe ẹnì kan ní ẹ̀ka físíìsì yunifásítì èyíkéyìí, owó kádì ẹ̀ ò pọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ gbọ́ pílánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, wọ́n lè gbọ́ Júpítà. Tiẹ̀ ga tó mẹ́gáháàtì 40, ó ń la ionosphere kọjá wọlé. Ní 1955, Bernard Burke àti Kenneth Franklin ń dán áńtẹ́nà ńlá wò nínú pápá kan ní Maryland lórí mẹ́gáháàtì 22.2, ariwo kan ń wọlé tí wọn ò mọ orísun ẹ̀, wọ́n ti fẹ́ dá a lẹ́bi fún ọkọ̀ akẹ́rù ará oko kan tó ń ti òde bọ̀ lóru, pé iná ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ló ń ta, àfìgbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé ariwo náà ń tẹ̀ lé ibi tí Júpítà wà lójú ọ̀run. Títí di ìsinsìnyí àwọn ọmọ iléèwé ní Amẹ́ríkà ń ṣe é lábẹ́ ètò kan tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, pè ní Radio JOVE. Mẹ́gáháàtì 20.1 ni kẹ́ ẹ yí rédíò SW tó dáa sí, ẹ ta wáyà dipole (áńtẹ́nà oníwáyà tí wọ́n pín sí méjì láàárín) tó gùn tó mítà 7, kó jẹ́ lóru nígbà tí Júpítà bá wà lókè, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù torí kì í pariwo lójoojúmọ́, òṣùpá ẹ̀ kan tó ń jẹ́ Io ló ń pinnu ọ̀pọ̀ ìgbà tó máa sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ o, pẹ̀lú ti aládùúgbò, pílọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti bo Júpítà mọ́lẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Atúnrédíòṣe kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn